Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Wọ́gi Lé Eré Kíríkẹ́ẹ̀tì Nítorí Ooru?

Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá ti kógbá wọlé ní òkè Ọya níbí, oòrùn tí yóò gba ipò rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ń fi ojú kékeré wò. Láti oṣù Kẹta títí dé oṣù Kárùn-ún, kì í ṣe ìròyìn mọ́ ní Sókótó tàbí Máídúgùrì pé ooru ọ̀sán kọjá dígírì 40. Inú oòrùn yìí náà ni àwa tí a fẹ́ràn eré kíríkẹ́ẹ̀tì ti ń wọ aṣọ funfun jáde ní ọjọ́ Sátidé.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé àwọn kan láàrín wa ní bí ooru bá ti pọ̀ jù, kí a wọ́gi lé eré ọjọ́ náà, kí oníkálukú padà sí yàrá rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ìwà ọ̀lẹ gbáà ni, pé ta ni kò mọ̀ pé òkè Ọya gbóná kó tó wá kàwé níbẹ̀. A ti gbọ́ ti ìhà méjèèjì. Èrò tiwa ni pé ó yẹ kí a wọ́gi lé e bí ooru bá dé ìwọ̀n kan, kí a sì ti kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀ kí ọjọ́ eré tó dé. Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa kíríkẹ́ẹ̀tì, kó fi bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tàbí eré sísá sí ipò rẹ̀ bó ti ń kà á lọ. Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò sí iyàn. Bí òjò bá dé, a ó kó wíkẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, a ó sá lọ sábẹ́ igi. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, adájọ́ á ní ó tó gẹ́ẹ́. Kò sí ẹni tó jẹ́ pe ẹnikẹ́ni ní ojo. Òfin Kejì nínú òfin kíríkẹ́ẹ̀tì fún àwọn adájọ́ ní àṣẹ láti dá eré dúró bí pápá, ojú ọjọ́ tàbí ìmọ́lẹ̀ bá lè ṣe àwọn tó wà níbẹ̀ ní jàǹbá. Ṣé ooru kì í ṣe ojú ọjọ́ ni? Ohun tó fà á tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún òjò ju oòrùn lọ kò ju pé pápá ni òjò ń bà jẹ́, gbogbo ojú sì ń rí i. Ènìyàn ni oòrùn ń bà jẹ́, a kì í sì í tètè rí i títí onítọ̀hún yóò fi ṣubú.

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2025, ní ìlú Adelaide ní gúúsù Australia, ọkùnrin kan tó ti lé ní ẹni ogójì ọdún jáde lọ bá ikọ̀ rẹ̀ ṣeré kíríkẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Òṣìṣẹ́ ni, tó ń ṣeré lópin ọ̀sẹ̀ bí àwa náà ti ń ṣe. Ooru ọjọ́ náà ti kọjá dígírì 40. Ó dúró nínú pápá fún ófà 40, ó tún mú bátì fún ófà 7, ó sì ṣubú lulẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ ìṣègùn sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. A kò ní jókòó síbí kí a máa pe ara wa ní dókítà, kí a sọ pé ooru nìkan ló pa á. Ohun tí a rí dì mú ni pé ẹgbẹ́ tó ń darí eré wọn ní òfin lórí ooru: bí ó bá ti kọjá dígírì 42, kò sí eré. Láàrín 40 sí 42, eré lè máa lọ, kí wọ́n kàn fi àkókò omi mímu kún un. Ọjọ́ náà kò tíì dé 42.

Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé, "Ẹ ò rí i? Òfin kò ràn án lọ́wọ́." Àwa rí i bí ìkìlọ̀ pé bí a bá fẹ́ fa ààlà, kí a má fà á sí ẹnu ọ̀nà ibojì.

Kí wá ni ooru ń ṣe fún ara? Ara ènìyàn fẹ́ràn kí inú rẹ̀ wà ní nǹkan bí dígírì 37. Bí a bá ń sáré, iṣan wa á máa dá ooru tirẹ̀ sílẹ̀. Ara á ti ẹ̀jẹ̀ jáde sí awọ kí afẹ́fẹ́ lè tù ú, á sì làágùn kí òógùn náà lè gbẹ kó gbé ooru lọ. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá gbóná ju awọ ara lọ, afẹ́fẹ́ kò lè tu ẹnikẹ́ni lára mọ́. Òógùn nìkan ló kù. Omi tí òógùn ń lò, inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń mú un, ọkàn á wá máa sáré láti fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá. Bí inú ara bá wá gbóná dé dígírì 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹni náà ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí.

Ẹ wá wo aṣọ tí a ń wọ̀. Ẹni tó mú bátì wọ ṣòkòtò gígùn, ó de páàdì mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, ó wọ ìbọ̀wọ́ nínípọn, ó dé akoto. Òógùn tí ìbá gbẹ há sínú gbogbo ìyẹn. Ẹni tó ń ṣọ́ wíkẹ́ẹ̀tì ń lóṣòó, ó ń dìde, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí ìlà tirẹ̀ yóò fi parí. Àwọn tó wà létí pápá dúró láìsí ìbòòji kankan lórí wọn. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kò ju ìṣẹ́jú 90 lọ, ṣùgbọ́n eré kíríkẹ́ẹ̀tì tí ó jẹ́ ófà 40 fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan lè gba wákàtí mẹ́fà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le jù nìyí: làákàyè wà lára ohun tí ooru kọ́kọ́ ń mú. Ẹni tí ooru ti ń pa lọ á máa sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe òun, á tún máa bínú sí ẹni tó ní kó jókòó. Ọpọlọ tó yẹ kó pariwo ni ó ti ń jó. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gba ti àwọn tó ń sọ pé, "Ẹni tó bá rẹ̀ kó jáde, kí àwọn yòókù máa ṣeré lọ." Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tí a fi ìdájọ́ sí lọ́wọ́ ni kò lè dájọ́ mọ́.

Ẹ gbọ́ ìtàn Dean Jones. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, ní ìlú Madras ní Íńdíà, tí wọ́n ń pè ní Chennai báyìí, ọmọ Australia yìí fi bátì gba àmì 210 nínú ooru àti ọ̀rinrin tó burú jáì. Ó ń bì lórí pápá. Nígbà tó ní òun fẹ́ jáde, Allan Border tó jẹ́ balógun ikọ̀ wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí kò bá lè ṣe é, òun á pe ọmọ Queensland kan tó lágbára jù ú lọ. Jones dúró. Nígbà tó ṣe tán, ilé ìwòsàn ni ó bá ara rẹ̀, wọ́n ń fa omi sí i lára. Àwọn ikọ̀ méjèèjì sì jọ parí sórí ọ̀mì, irú rẹ̀ kejì péré nínú ìtàn eré Test. Títí di òní ni wọ́n ń fi eré náà yangàn.

Àwa kò bu ẹnu àtẹ́ lu akin. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ṣe ìpinnu: balógun tó ń wá àmì ni. Òun tó fẹ́ borí kọ́ ló yẹ kó máa sọ bóyá ẹlòmíràn lè kú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, ní ìlú Sydney, Joe Root tó jẹ́ balógun England náà ṣeré nínú irú ooru bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, ooru Penrith, tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Sydney, dé dígírì 47.3. Ní ọjọ́ kejì wọ́n gbé Root lọ sí ilé ìwòsàn, inú ń yọ ọ́ lẹ́nu, omi sì ti tán lára rẹ̀. Ó padà wá mú bátì, ṣùgbọ́n kò lè bá a lọ. Root ní dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Jones náà kò jìnnà sí ilé ìwòsàn. Àwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọjọ́ Sátidé ni ó jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì omi kan àti ọ̀rẹ́ wa kan tó ní ọkọ̀ ni gbogbo ètò ìlera tí a ní.

Ẹ jẹ́ ká dá àwọn tó takò wá lóhùn, nítorí wọn kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Wọ́n ní àgbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, alágbàṣe ń ru búlọ́ọ̀kù, kí ló wá ṣe ọmọ yunifásítì? A dáhùn pé kí wọ́n lọ wo àgbẹ̀ dáadáa. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni àgbẹ̀ ń lọ sóko. Bí ọ̀sán bá pọ́n, abẹ́ igi tàbí inú ahéré ni ẹ ó ti bá a. Bí ọwọ́ oòrùn bá rọ̀, á tún mú ọkọ́. Àwọn ìyá wa náà máa ń sọ pé aboyún kì í rìn ní ọ̀sán gangan, nítorí àwọn ẹ̀mí àìrí tó wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní ìgbàgbọ́ àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí èèwọ̀ náà ń ṣe. Ó ń gba aboyún lọ́wọ́ oòrùn láìjẹ́ pé ó bá ọkọ tàbí ìyá ọkọ jiyàn pé ó ti rẹ òun. Èèwọ̀ ti bá a sọ ọ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwa ń wá fún ẹni tó mú bátì.

Wọ́n ní ooru ti mọ́ wa lára. Òótọ́ ni pé ara lè kọ́ ooru. Ṣùgbọ́n ó tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ara tó kọ́ ọ, bí a bá sì kúrò níbẹ̀, ara á gbàgbé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta dé lẹ́yìn ìsinmi kò rí bí ẹni tó wà níbí láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, ẹni tí inú rẹ̀ ń ṣu, ẹni tó kàwé mọ́jú, ẹni tó ń gbààwẹ̀, kò sí ọ̀kan tí ara rẹ̀ dúró bí ó ti máa ń dúró. Ní ọdún 2024 àti 2025, inú oṣù Kẹta ni ọ̀pọ̀ ọjọ́ ààwẹ̀ Ràmàdáánì bọ́ sí. Pípẹ́ níbì kan kì í sì í ṣe àjẹsára. Àwọn ará Mali ti wà nínú ooru Sàhẹ́lì láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ooru ìlú Kayes dé dígírì 48.5 ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024, ilé ìwòsàn Gabriel Touré ní Bamako ka òkú 102 láàrín ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ oṣù náà. Àwọn àgbà pọ̀ nínú wọn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ onílé ni wọ́n.

Wọ́n ní kí ọkùnrin máa ṣe bí ọkùnrin. Ta ló tún le ju ọmọ ogun lọ? Ní àwọn ọdún 1950, ooru ń dá àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ológun ní Parris Island ní Amẹ́ríkà wó. Àwọn ọ̀gá wọn kò sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Wọ́n wá ìwọ̀n kan tó pa ooru afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin àti ìtànṣán oòrùn pọ̀. Nínú ìpín mẹ́wàá, ọ̀rinrin gba méje, ìtànṣán gba méjì, ooru afẹ́fẹ́ lásán gba ọ̀kan. Bí ìwọ̀n náà bá kọjá 32, wọ́n á ta àsíá dúdú, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ líle á dáwọ́ dúró. Nígbà Ìfẹ Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2014 ní Brazil, ìwọ̀n 32 yìí náà ni FIFA fi ṣe òfin àkókò omi mímu. Bí ọmọ ogun bá lè wo àsíá kó sì sinmi, kí ni tiwa? Ẹ sì fi ti ọ̀rinrin sọ́kàn, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń ṣeré ní Èkó tàbí Port Harcourt: dígírì 34 níbẹ̀ lè ṣe ènìyàn léṣe ju 38 inú ooru gbígbẹ níbí lọ.

Èyí tó lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni ti àkókò. Wọ́n ní òjò ń gba oṣù mélòó kan, ìdánwò ń gba òmíràn, ìyanṣẹ́lódì lè gba èyí tó kù. Bí a bá tún yọ ìgbà ooru kúrò, ìgbà wo la ó ṣeré? A gbà pé ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n wíwọ́gi lé eré nìkan kọ́ ló wà. A lè gé e kúrú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2025, ní ìlú Kuching ní Malaysia, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 19 bá New Zealand pàdé nínú Ìfẹ Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Òjò gé eré náà kù sí ófà 13 fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ wa gba 65, New Zealand gba 63. Àmì méjì péré! Nínú gbogbo ohun tí Nàìjíríà ti ṣe nínú kíríkẹ́ẹ̀tì láti ìgbà tí Èkó ti gbá a pẹ̀lú Gold Coast ní 1904, díẹ̀ ló dùn mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀. Ta ló sọ pé eré náà kò pé?

Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà. Bí a ti fẹ́ràn ara wa tó nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ jẹ́ ká fa ààlà, ká kọ ọ́ sílẹ̀.

Èkíní, láti oṣù Kẹta títí dé ìparí oṣù Kárùn-ún, kí eré bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀, kó jẹ́ ófà 20 fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó lè parí kí aago mọ́kànlá tó lù. Kí ẹnikẹ́ni má wà nínú pápá títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Èkejì, bí ooru bá dé dígírì 35, kí a máa dúró mu omi lẹ́yìn ófà márùn-ún márùn-ún, lábẹ́ ìbòòji, kí ẹnikẹ́ni sì lè jáde kí ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ láìsí àlàyé.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá dé 38, kò sí eré. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀, kí a dá a dúró. Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló dé tí a kò fi mú 42 bí ti Adelaide. Ìdí ni pé ọkọ̀ aláìsàn tètè ń dé ọ̀dọ̀ wọn ju ọ̀dọ̀ wa lọ, ẹ sì ti gbọ́ bí ó ṣe parí. Kò sí ohun mímọ́ nínú 38. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọjọ́ Ajé la ti yàn án, nígbà tí orí gbogbo wa tutù, tí a kò tíì mọ ikọ̀ tó ń borí.

Ẹ̀kẹrin, kí balógun ikọ̀ kankan má ní ọwọ́ nínú ìpinnu náà. Kí adájọ́ méjèèjì máa wo òṣùwọ̀n ooru, kí ọ̀rọ̀ wọn sì jẹ́ abẹ gé. Eré tí ooru bá dá dúró, kí a pín àmì rẹ̀ dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé òun pàdánù nítorí pé òun bọ̀wọ̀ fún ara.

Ìkarùn-ún, kí omi tútù, yìnyín, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ẹní máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Bí ẹnìkan bá ṣubú, kí a tú páàdì àti akoto rẹ̀, kí a gbé e sí ìbòòji, kí a máa da omi tútù sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, kí a sì máa fẹ́ ẹ bí a ti ń wá ọkọ̀. Ìtutù ló ń ṣáájú, ilé ìwòsàn ló ń tẹ̀ lé e. Bí kò bá mọ ibi tó wà, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu.

Gbogbo èyí kò ní náwó ju owó jẹ́sí tuntun tí a ń dá lọ́dọọdún lọ. Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ ni ojú. Kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé." Bí a bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ní láti sọ ọ́ mọ́.

Ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé kí oòrùn ọdún yìí tó mú gidi. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbà pẹ̀lú wa, ẹ kọ̀wé, ẹ jẹ́ ká jọ fà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú kálámù, ẹ bi ara yín léèrè: bí ẹnìkan nínú wa bá dùbúlẹ̀ sórí pápá ní ọ̀sán Sátidé, ta ni yóò tẹ ìyá rẹ̀ láago ní Ọ̀yọ́ tàbí Oǹdó, kí ni yóò sì sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ń ṣe níbẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí a rán ẹnikẹ́ni ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀mí bá wà, Sátidé mìíràn ń bọ̀.

Ire o.